Omi Méjìlá fún Àwòrán Kan

Ọ̀nà tó wà láàárín Pọ̀bẹ̀ àti Ìfọ̀ kò jìn tó ohun tí èèyàn ń sunkún lé lórí. Bí rélùwéè bá ṣí ní Ìdógò, nítòsí Pọ̀bẹ̀, láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti ń fọn fèrè ní Ìfọ̀. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá, àjò wo lẹ lọ? Ṣebí gọ́tà lẹ fò." Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fò gọ́tà, tó bọ́ sílẹ̀ sábẹ́ ìjọba mìíràn, tí owó àpò rẹ̀ di bébà lásán lójú ẹsẹ̀, ẹ má pe onítọ̀hún ní ẹni tí kò rìn.

Lákòókò tí mò ń wí yìí, Faransé ló ni Pọ̀bẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ni Ìfọ̀. Òmìnira ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn, kò tíì dé ọwọ́. Àwọn òyìnbó méjèèjì ti jókòó síbì kan tí a kò mọ̀, wọ́n fa ìlà gba àárín oko bàbá mi àgbà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sọ bí mo ṣe kọjá ìlà náà. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ nígbà náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo dé, àti bí àwòrán ọkùnrin arúgbó kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà síbi tí mo ti wá.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni lọ́rì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo yá kẹ̀kẹ́, mò ń gùn ún lọ jẹ́jẹ́ lápá ọ̀tún bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Mi ò mọ̀ pé lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni wọ́n ń gbà. Dẹ́rẹ́bà yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Àbí wọ́n rán ẹ sí mi? Apá ọ̀tún lo wà!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Apá ọ̀tún kọ́ ló yẹ kí n wà ni?"

Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà fi igbá sílẹ̀, wọ́n di ìhà mú. Ọ̀kan nínú wọn ké pé, "Ará Faransé ni, ẹ fi í sílẹ̀! Ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun náà ni wọ́n fi ń rìn!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí ìyá mi sọ mí ti lọ sùn. Ará Faransé ni mo ń jẹ́ lọ́jà, Ará Faransé ni mo ń jẹ́ níbi tí a ti ń ru àpò gàrí àti ọsàn sínú wágọ́ọ̀nù. Wọn kì í pè é pẹ̀lú ìkà. Síbẹ̀, bí èèyàn bá ń jẹ́ orúkọ ibi tó ti kúrò, ibi tó wà kò tíì gbà á nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí rélùwéè Ìdógò bá ń bọ̀, mo máa ń lọ dúró ní ibùdókọ̀ láìní ẹni tí mo fẹ́ pàdé. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó bá ti apá ọ̀dọ̀ wa wá, ohùn wọn ń lọ sókè níbi tí ti Ìfọ̀ ti ń wálẹ̀. Mo lè dúró ti òpó kan kí n máa gbọ́ méjì nínú wọn tí wọ́n ń jà lórí agbọ̀n adìẹ, kí inú mi sì dùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ìyá Onírú. Obìnrin Pọ̀bẹ̀ ni, ó ń kó irú wá tà ní Ìfọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Tẹlifóònù wà nínú ọ́fíìsì ibùdókọ̀, ọ̀gá ibẹ̀ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Ìyá Onírú ni tẹlifóònù tèmi. Ìyá mi á sọ̀rọ̀ sí i létí, òun á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi pátápátá, ìmí ẹ̀dùn àti òṣé pípa kò ní já bọ́ lọ́nà.

Á dúró sí àárín ẹrù rẹ̀, á fọwọ́ sí ìbàdí bí ìyá mi, á ní: "Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ibi tó ń sùn kì í jò? Ṣé wọ́n ń pè é lórúkọ?"

Èmi á ní: "Ẹ sọ fún un pé mò ń jẹun. Ẹ sọ fún un pé wọ́n ń pè mí gan-an ni."

Ilé Bàbá Mùfú, télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú, ni mò ń gbé. Yàrá kan ló fún mi lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń fi ìdajì ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà bá a sọ ìyókù.

Kí n tó kúrò nílé, mo ti lo ọdún méjì ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ onífọ́tò kan. Mo ń gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà fún un, mo ń fọ àwo, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí owó ẹrù rírù pọ̀ díẹ̀, mo ra ògbólógbòó kámẹ́rà kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n gbé lọ síbòmíràn. Ọdún ìwé ọ̀fẹ́ nìyẹn, gbogbo òbí ló fẹ́ fọ́tò ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé tuntun. Èmi á ya wọ́n, èmi á fi fíìmù ránṣẹ́ sí Èkó pé kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá, fọ́tò kò ní dé. Nígbà tó bá sì dé, ti ẹlòmíràn ni wọ́n á kó fún mi. Ìyá kan gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó ní, "Ará Faransé, ọmọ yìí rẹwà o. Ta ló bí i?"

Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé nínú yàrá mi ni n óò ti máa fọ fọ́tò mi.

Kò sí iná mànàmáná ní Ìfọ̀ nígbà náà, kò sí omi ẹ̀rọ lójúlé, kò sì sí owó tí n óò fi ra ohun èlò òyìnbó. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ra àwo tánganran mẹ́ta lọ́jà. Ọ̀kan ti hó, irin inú rẹ̀ sì lè ta àbàwọ́n sí bébà, mo yọ́ àbẹ́là sójú ibẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan mú àlòkù pákó àti àfọ́kù gíláàsì fèrèsé, kó fi kan férémù kékeré tí èèyàn lè há bébà àti fíìmù sí, kí wọ́n fara mọ́ra wọn gírígírí. Mo gba àgékù aṣọ pupa lọ́wọ́ Bàbá Mùfú, mo fi wé láńtánì ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí bébà fọ́tò kì í bínú sí iná pupa. Ooru ibẹ̀ pọ̀, oògùn fọ́tò tó bá gbóná á sì máa bó ojú bébà bí ìgbà tí èèyàn bó ẹ̀wà. Mo gbé omi sínú àmù ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fi po oògùn.

Ó wá ku ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ gbọ́dọ̀ kan bébà náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò gbọdọ̀ jù. Mo rò ó, mo rí i pé oòrùn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá Bàbá Mùfú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lu ihò kan sára ògiri yàrá yẹn. Kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Màá fi pákó dé e."

Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Mo mọ olè tó ń lu ògiri láti ìta. Mi ò rí èyí tó ń lù ú láti inú rí."

"Bàbá, fọ́tò ni mo fẹ́ fọ̀."

"Pẹ̀lú ihò?"

"Pẹ̀lú oòrùn tó máa gba inú ihò náà wọlé."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. "Lù ú. Bí ejò bá gba ibẹ̀ wọlé, kí o ya òun náà."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá ti ilẹ̀kùn, màá tan láńtánì pupa, màá há bébà mọ́ férémù, màá kọjú rẹ̀ sí ihò, màá yọ pákó, màá kà, màá dá pákó padà. Mo máa ń gé etí bébà kan sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, màá fi èyí dán oòrùn ọjọ́ náà wò kí n má baà fi odindi bébà ṣòfò. Kíkà náà sì nìyí: bí ọ̀gá mi ní Àjàṣẹ́ ṣe ń kà ni mo ń kà, pẹ̀lú Faransé. Ẹn, dẹ́, tírúwà, kátì. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò ronú pé àwọn obìnrin tó wà ní ilé ìdáná ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ti ara rẹ̀ mọ́lé ní ọ̀sán gangan, tó ń sọ ohun tí wọn kò gbọ́ létí ògiri.

Àwòrán àkọ́kọ́ tó dára ni ti Bàbá Mùfú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo gbé e fún un bó ṣe gbẹ tán. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe darúgbó tó nìyí, tí ẹ̀yin ò sì sọ fún mi?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "A rò pé ẹ mọ̀ ni."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ lọ. Mo kúrò nídìí ẹrù rírù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò káàkiri abúlé. Màá gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò Ògùn, màá gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, màá sọdá sí apá Mowé àti Ìbafò. Oko àti abúlé lásán ni ibẹ̀ nígbà náà, ẹ má wo bó ṣe rí lónìí. Ní Ìbafò ni mo ti pàdé Bàbá Àgbà, olórí ilé ńlá kan, tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ó wọ agbádá àlàárì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí eékún, ó wo inú kámẹ́rà bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí èké. Mo fọ̀ ọ́, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Gbogbo ilé ń kọjá níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí Bàbá fúnra rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé kí n tó fọ fọ́tò Bàbá Àgbà. Kànga gbẹ. Odò tí wọ́n ti ń pọnmi ní Ìfọ̀ fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin ń rin ìrìn wákàtí kan nítorí garawa kan. Mo rò pé mo gbọ́n. Omi tí mo fi ń ṣan fọ́tò, mo dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì. Háípò, ìyẹn oògùn tó ń de àwòrán mọ́lẹ̀ kó má baà dúdú tán lójú ìmọ́lẹ̀, èyí tó yẹ kí n dànù lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, mo fi ṣe oṣù kan gbáko. Fọ́tò náà ń jáde dáadáa. Mo ń yin ara mi pé mo mọ nǹkan ṣọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń tún ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé nígbà tí Làmídì, àkọ́bí Bàbá Àgbà, dé láti Ìbafò. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀.  Ó tú aṣọ tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó gbé férémù jáde, ó kọjú rẹ̀ sí mi.

"Wò ó. Imú ló kọ́kọ́ lọ. Ojú ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ẹnu nìkan ló kù, ẹnu náà sì ti pọ́n bí epo."

Òótọ́ ló sọ. Agbádá ṣì wà níbẹ̀, àga ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ojú Bàbá yẹ kó wà, kùrukùru aláwọ̀ ìyeyè ló jókòó síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí àwòrán yìí ti ń kú ni Bàbá alára ti ń wúkọ́. Ìyá Àgbà ní o ti mú ojú ọkọ òun lọ. Wọ́n ti sọ fún wa bí o ṣe ń ti ara rẹ mọ́lé tí o ń pọfọ̀ nínú òkùnkùn. Ṣé ojú àwọn àgbàlagbà wa lẹ fi ń ṣe ọrọ̀ nílẹ̀ Faransé?"

Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń ronú sí fọ́tò tiwọn lára ògiri. Làmídì gbé ìka sókè.

"Ọjọ́ méje. Kí o dá ojú Bàbá padà, kó sì wà bẹ́ẹ̀, tàbí kí o kó ẹrù rẹ máa lọ. Bí a bá dé Ìfọ̀ tí a bá ẹ níbí, a ò ní dá wá."

Ó fi férémù náà sílẹ̀ sórí ilẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjì míì dá fọ́tò padà. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ọmọ iléèwé kan ju tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi, ó sá lọ. Bàbá Mùfú fi iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe, ó wá jókòó tì mí.

"Ọmọ mi, rélùwéè Ìdógò ń lọ lọ́la. Kì í ṣe pé mò ń lé ẹ. Ẹni tó sá fún ẹgba kò ṣẹ̀ sí ẹgba."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin gbà pé mo mú ojú wọn lọ ni?"

Ó ní, "Tèmi ṣì wà. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mò ń lọ wò ó báyìí. Èmi tí mi ò wò ó tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, mo gbé fọ́tò Bàbá Àgbà yọ nínú férémù. Mo wò ó níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú, mo fi ahọ́n kàn án. Ó dùn. Kì í ṣe dídùn oyin, kì í ṣe ti ìrèké, dídùn kan tó ní irin nínú ni. Mo lọ fi ahọ́n kan ẹ̀kán háípò inú àwo. Adùn kan náà ni. Mo wá fi ahọ́n kan fọ́tò Bàbá Mùfú, èyí tí mo fọ̀ nígbà tí omi ṣì pọ̀. Bébà lásán ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, omi ẹ̀rọ ni ọ̀gá mi ń ṣí sórí fọ́tò, tí yóò máa ṣàn láti àárọ̀. Kò kà á, èmi náà kò kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí omi ti ń bọ̀ lórí èèyàn, mo fún un ní òṣùwọ̀n tó wù mí. Háípò kò kúrò nínú bébà. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ojú àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀. Làmídì kò purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ń jẹ ojú bàbá rẹ̀ ní tòótọ́, èmi ni mo sì fi í síbẹ̀.

Fíìmù Bàbá Àgbà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo po háípò tuntun. Mo gba agolo kẹrosíìnì méjì, èmi fúnra mi bọ́ sọ́nà odò láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ará Faransé, ta ló bímọ nílé yín?"  Mo tún fi fíìmù náà fọ fọ́tò tuntun, mo ṣan án, mo tọ́ ọ wò, mo da omi nù, mo tún ṣan án. Ní omi kẹjọ, ó ṣì ń dùn. Ní ìkọkànlá, adùn náà ti dà bí àlá. Ní ìkejìlá, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, méjìlá náà ni.

Ìyá Onírú bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè lọ́jọ́ kẹrin. Ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún un ní Ìlaró. Kò kọ́kọ́ jíṣẹ́. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí ìbàdí.

"Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, ilé kò tíì kún."

Ìyá mi ti rán an ní ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ tipẹ́, de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.  Rélùwéè náà ń tú èéfín lẹ́yìn rẹ̀, ó ń múra àtipadà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò jìnnà sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ohun tó burú nínú kí ilé súnmọ́ èèyàn nìyẹn. Ẹni tó bá la òkun kọjá kò lè sá padà nítorí ìtìjú ọ̀sán kan. Èmi lè sá padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé mo ní iṣẹ́ kan tí mi ò tíì fọ̀ tán."

Mo lè gbé fọ́tò tuntun yẹn lọ bá wọn. Mo rò ó, mo rí i pé kò ní ràn mí lọ́wọ́. Ojú tó lọ, tó tún dé láti inú yàrá òkùnkùn mi, ẹ̀rù rẹ̀ á tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo di àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láńtánì, oògùn, férémù àti bébà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, mo sọdá odò.

Bàbá Àgbà wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìbora léjìká. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀ àgbà, dúró tì í. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó gbójú wá! Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dán. Ṣebí tọkọ mi ló wà níbẹ̀."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Sọ èyí tí a máa gbọ́! Má sọ èyí tí o ń sọ nínú yàrá!"

Mo ní, "Bàbá, mo ṣẹ̀. Mi ò ṣe oògùn kankan, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀. Mo ṣọ́ omi lò níbi tí kò yẹ. Mo fẹ́ fọ fọ́tò yín nínú ilé yín, níṣojú yín, pẹ̀lú omi yín. Bí ẹ bá rí ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, Ẹ̀gbọ́n Làmídì rèé, odò rèé."

Bàbá Àgbà wúkọ́, ó nu ẹnu. "Ọjọ́ mélòó ló kù fún un?"

Làmídì ní, "Ọ̀la ló pé, Bàbá."

"Ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹ ṣí yàrá àgbàdo fún un."

A fi ẹní dí fèrèsé. Àlàfo kan wà lára ilẹ̀kùn tí oòrùn ń gbà wọlé, mo fi èyí ṣe ihò mi. Àwa mẹ́ta la wọlé: Bàbá, Ìyá Àgbà àti èmi. Nígbà tí mo kọjú férémù sí ìmọ́lẹ̀, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, pẹ̀lú ohùn tí ẹni tó wà níta lè gbọ́. Nígbà tó di ẹ̀rin, Bàbá ti ń bá mi kà. Mo ti bébà bọ inú oògùn lábẹ́ iná pupa. Bébà funfun báláú ló wà níbẹ̀. A dúró. Agbádá kọ́kọ́ yọ, bí ẹni ń bọ̀ láti inú ọyẹ́. Ọwọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ìyá Àgbà di apá mi mú. "Ó ń bọ̀! Yéè, ojú rẹ̀ ń bọ̀!"

Bàbá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, yé pariwo, kó má baà padà."

Mo tì í bọ háípò, mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, a wá jáde sí ìmọ́lẹ̀. Mo gbé àwo kalẹ̀ sí àárín àgbàlá. Mo mú fọ́tò àtijọ́ jáde, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ahọ́n kan èyí."

"Kí n jẹ ọkọ mi?"

"Ẹ kàn án díẹ̀, kí ẹ tutọ́."

Ó wo Bàbá, Bàbá fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn án, ó tutọ́, ó fajú ro. "Ó dùn."

"Adùn yẹn ló ń jẹ ojú wọn. Omi ló ń yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ṣan án."

 Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ewúro ni! Làmídì, ewúro ni! Kò fọ ewúro rẹ̀ tán! Àbí irú ọkùnrin wo ló máa fọ ewúro lẹ́ẹ̀mejì, tó máa gbé e ka iwájú èèyàn?" Ó yí sí mi. "Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ẹ ni?"

"Ẹ ṣàánú mi, Ìyá."

"Gbé àwo yẹn síbí. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ lọ pọnmi!"

Wọ́n lọ pọn ọ́n. Èmi ni mò ń ṣan án, òun ni ó ń tọ́ ọ wò. Ní omi karùn-ún, ó mirí. Ní ìkẹjọ, ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń fara pamọ́." Àwọn ìyàwó ń ráhùn pé omi oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ yìí, ó jágbe mọ́ wọn. Ní ìkọkànlá, mo ní ó tó, ó ní kò tó. Ní ìkejìlá, ó fi ahọ́n kàn án, ó dijú, ó gbé e fún mi.

"Ó mọ́."

A sá a sórí okùn láàárín ìró méjì. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n gbé àga òun súnmọ́ ọn. Ó wo ara rẹ̀, ara rẹ̀ wò ó.

"Nígbà wo la máa mọ̀ pé kò ní pọ́n mọ́?"

Mi ò lè purọ́ fún un. "Bàbá, ọ̀rinrin ló máa ń tú u fó. Bó bá la àkókò òjò já, ó ti là á."

"Òjò tí kò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó yíjú sí Làmídì. "Ẹ̀yin lẹ ní kó máa lọ?"

"Bàbá, a rò pé..."

"Kò gbọdọ̀ lọ. Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ kúrò níhìn-ín títí òjò á fi tán. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun, kó máa sọdá wá jókòó tì mí, ká jọ máa wo àwòrán yìí. Bó bá sá, ẹ lọ mú un wá láti Pọ̀bẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò sì tètè dìde, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ìyá mi, wọ́n ti sọ oríṣiríṣi fún mi: bọ́ sápá kan, ọmọ ta ni ẹ́, máa lọ sílẹ̀ yín. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi rí pé kí n má lọ.

Àwọn fọ́tò yòókù, mo gbà wọ́n padà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tún wọn fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, omi méjìlá méjìlá. Òjò bẹ̀rẹ̀. Odò Ògùn kún, mo sọdá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan kò yẹ̀. Àwa méjèèjì á jókòó síwájú ògiri yẹn, ó máa bi mí nípa Pọ̀bẹ̀, èmi á máa sọ fún un, Ìyá Àgbà á máa gbé oúnjẹ wá, tó bá sì jẹ́ ọbẹ̀ ewúro, á dúró tì mí títí n óò fi gbà pé ó mọ́.

Òjò tán. Àwòrán náà kò pọ́n. Ikọ́ Bàbá ti lọ tipẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí ọyẹ́ fẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ìdájọ́ yín ti pé. Òjò ti tán."

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ògiri, ó wò mí.

"Èwo ló tán? Ṣé kò ní rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"